Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Iṣẹ́ Ẹni tí Ń Fín Ohùn Sára Àwo Orin

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá yí ẹ̀yìn èèpo àwo orin tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà padà, yàtọ̀ sí orúkọ olórin àti ti onílù, yóò sábà bá orúkọ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni kìíní ni ó gba ohùn sílẹ̀ nígbà tí àwọn olórin ń ṣeré lọ́wọ́. Ẹni kejì ni ó pa àwọn ohùn náà pọ̀, tí ó wọn ohùn olórin mọ́ ti ìlù àti ti jìtá, kí ọ̀kan má baà bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni kẹta ni ó gba téèpù tí àwọn méjì ìṣáájú ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, tí ó sì sọ ohùn inú rẹ̀ di ilà wínníwínní lára àwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògbufọ̀ bá fẹ́ dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń yá a lẹ́nu: agbohùnsílẹ̀.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé aṣọ kan yìí kò lè bo ènìyàn mẹ́ta. Bí a bá pe ẹni kẹta ní agbohùnsílẹ̀, irọ́ ni a pa fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí kò gba ohùn kankan sílẹ̀. Ohùn ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Bí a kò bá sì fún un lórúkọ, iṣẹ́ rẹ̀ yóò pòórá kúrò nínú ìwé tí a ń kọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ní èdè wa. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà àti ìgbésí ayé àwọn tí wọ́n ń ṣe é, kí a tó dá ọ̀rọ̀ lábàá.

Abẹ, poro àti ebè

Ní 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì tún sọ ọ́ jáde. Ohun róbótó bí agolo ni ó lò. Ní 1887 ni Emile Berliner fi àwo pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀: ohùn jẹ́ gbígbọ̀n afẹ́fẹ́, bí a bá sì fẹ́ pa á mọ́ sára àwo, a ní láti sọ gbígbọ̀n náà di ilà tí ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Àwo tí oníṣẹ́ wa yìí ń lò kì í ṣe irú èyí tí a ń rà lọ́jà. Alumíníọ̀mù ni inú rẹ̀, ọ̀dà dídán kan tí a fi nítírósẹ́lúlóòsì ṣe ni a sì fi bo ojú rẹ̀. Àwo yìí fẹ̀ tó íńṣì 14 bí àwo tí a fẹ́ tà bá jẹ́ ti íńṣì 12, kí ọwọ́ lè rí etí rẹ̀ dì mú láìfara kan ibi tí iṣẹ́ wà. A ó máa pè é ní àwo ọlọ́dà. Oníṣẹ́ yóò gbé e lé ẹ̀rọ, irú èyí tí Neumann ṣe ní Jámánì tàbí tí Scully ṣe ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ náà yóò máa yí i ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan. Òkúta iyebíye kékeré, sáfáyà tàbí rúbì, tí a pọ́n ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀dà náà. Wáyà tín-ín-rín tí iná mànàmáná ń mú gbóná ni a wé mọ́ ọn lára, kí ojú ibi tí ó bá gé lè jọ̀lọ̀. Bí ó ti ń gé ni ọ̀dà tí ó gé kúrò ń jáde bí fọ́nrán irun, tí ọ̀pá kan sì ń fa á lọ. Fọ́nrán yìí máa ń gbiná wàràwàrà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú iná súnmọ́ ọn.

Kí ni a ó pe òkúta yìí? Àwọn kan ti pè é ní abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe èyí tí ó wà lára giramafóònù nínú ilé. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò jọra rárá. Abẹ ni olóòlà fi ń kọlà. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń kọjá lára ọmọ, ilà tí ó bá fi sílẹ̀ kì í sì í parẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òkúta yìí. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ní tirẹ̀ kì í gé nǹkan kan; ipa tí abẹ ti là sílẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, abẹ ni a ó pe èyí tí ń gé, abẹ́rẹ́ ni èyí tí ń kà.

Ní ti ipa tí abẹ là, àgbẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ fún wa. Àgbẹ̀ tí ó bá kọ ebè mọ̀ pé poro ni ààyè tí ó wà láàárín ebè méjì. Ojú àwo rí bí oko tí a kọ ebè sí: ibi tí abẹ gé ni poro, ibi tí kò fọwọ́ kàn láàárín ni ebè. Ohun kan ni ó yàtọ̀. Poro pọ̀ nínú oko, ṣùgbọ́n poro kan ṣoṣo ni ó wà lójú àwo, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, tí ó ń yípo títí dé àárín. Bí ojú àwo kan bá gba 20 ìṣẹ́jú, poro náà yóò yípo ní nǹkan bí ìgbà 667. Bí a bá nà án tán, yóò gùn ju 400 mítà lọ.

Àwo ọlọ́dà rọ̀ jù láti tẹ àwo mìíràn jáde. A ó fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a ó sì rì í sínú omi kẹ́míkà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, títí níkẹ́ẹ̀lì yóò fi ki lára rẹ̀. Bí a bá ṣí níkẹ́ẹ̀lì náà kúrò, ohun tí ó jẹ́ poro tẹ́lẹ̀ ti yọ sókè bí ebè lára rẹ̀. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bàbá. Lára bàbá ni a ti ń mú ìyá, tí poro rẹ̀ tún wọlé bíi ti àkọ́kọ́. Lára ìyá ni a ti ń mú òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ méjì ni a sì fi ń tẹ ike gbígbóná láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi di àwo orin. Òǹkàwé yóò rí i pé àṣìṣe kan ṣoṣo lára àwo ọlọ́dà yóò hàn lára gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ohun tí àwo gbà àti ohun tí kò gbà

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ láti gbé àwo lé ẹ̀rọ nìkan, a kì bá tí wá orúkọ fún ẹni tí ń ṣe é. Ìṣòro rẹ̀ ni pé téèpù gba ohun púpọ̀ tí àwo kò gbà.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ohùn ńlá. A kò lo ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè níhìn-ín, nítorí àwọn olùkọ́ èdè ti fi ọ̀rọ̀ méjèèjì dárúkọ ohùn tí ó wà lórí sílébù; ohùn ńlá àti ohùn tín-ín-rín ni a ó lò. Ohùn ńlá, irú ti ìlù ńlá àti ti jìtá béèsì, máa ń mú kí abẹ fì gidigidi sọ́tùn-ún sósì, tí ó fi lè wọ inú poro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín ní tirẹ̀ máa ń kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ojú àwo fi ń bò ó. Nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣe fẹnu kò ní 1954 lórí ìlànà tí a mọ̀ sí RIAA: nígbà tí a bá ń fín àwo, a ó dín ohùn ńlá kù, a ó sì fi kún ohùn tín-ín-rín, ẹ̀rọ inú ilé yóò wá dá ohun tí a dín kù padà, yóò sì yọ ohun tí a fi kún un.

Èkejì ni ìṣirò ààyè. Ojú àwo íńṣì 12 ní ibi tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 86 mìlímítà láti etí dé ibi tí orin gbọ́dọ̀ parí. Bí orin bá gba 20 ìṣẹ́jú, poro kan àti ebè kan kò lè gbà ju nǹkan bí 0.13 mìlímítà lọ lápapọ̀. Bí ó bá gba 30 ìṣẹ́jú, poro yóò yípo ní ìgbà 1000, ààyè náà yóò sì dín sí 0.086 mìlímítà. Bí poro bá ti fún tó bẹ́ẹ̀, a kò lè jẹ́ kí ohùn ròkè mọ́. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ fi ń yàn láàárín ariwo àti gígùn. Ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́ díẹ̀: orí kan wà lára ẹ̀rọ téèpù tí ń ka orin ṣáájú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ abẹ. Bí ìlù líle bá ń bọ̀, ẹ̀rọ yóò ti mọ̀, yóò sì fẹ ebè. Bí orin bá rọlẹ̀, yóò fún un pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olórin tiwa náà, nítorí pé láàárín àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ àwo jùjú ni orin inú rẹ̀ ń lọ láìdúró láti etí dé àárín.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àárín àwo. Iye ìgbà tí àwo ń yí kò yí padà, ṣùgbọ́n poro tí ó wà létí gùn ju ti àárín lọ. Létí, nǹkan bí 51 sẹ̀ǹtímítà poro ni ó ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní àárín, kò ju 21 lọ. Ohùn tí a tẹ́ sórí ẹní fífẹ̀ ni a wá ń ká sórí ẹní kékeré. Àwọn kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè, pàápàá s àti ṣ, ni ó máa ń jìyà jù níbẹ̀, nítorí pé gbígbọ̀n wọn yára, kọ́rọ́ tí wọ́n ń ṣe sínú poro sì kéré ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Dípò s tí ó mọ́, ariwo bí ìgbà tí a ń ya aṣọ ni etí yóò gbọ́. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dẹ àfúnnupè lójú, tàbí kí ó gba olórin nímọ̀ràn pé orin tí ó rọ̀ ni kí wọ́n fi parí ojú àwo.

Ẹ̀kẹrin ni ti ohùn méjì nínú poro kan. Alan Blumlein, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá ẹ̀tọ́ àdáni fún ọgbọ́n yìí ní 1931, ṣùgbọ́n 1958 ni irú àwo bẹ́ẹ̀ tó dé ọjà. Ògiri méjì ni poro ní. Ohùn apá òsì wà lára ògiri inú, ti apá ọ̀tún wà lára ògiri ìta. Bí ohùn ńlá inú àwọn méjèèjì bá ń ta ko ara wọn, abẹ yóò máa fò sókè sódò. Nígbà mìíràn yóò fò kúrò lójú àwo pátápátá, poro yóò sì já.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fín ojú àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí dídúró, kò sí àtúnṣe. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, a ó jù ú nù, a ó sì mú àwo mìíràn. Oníṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí ó fín, nítorí abẹ́rẹ́ tí ó bá kọjá lórí àwo ọlọ́dà ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó lè fín òmíràn fún ìdánwò, ṣùgbọ́n èyí tí yóò bí òǹtẹ̀, ojú ni ó fi ń wò ó nínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi. Ó ń fi ojú mọ ohun tí etí kò gbọdọ̀ tọ́ wò.

Bí ènìyàn ṣe ń di oníṣẹ́ yìí

Kò sí ọ̀nà kan pàtó tí gbogbo wọn gbà. Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn ọdún 1960, ìpele ni wọ́n ń gbà gòkè. Ken Scott bẹ̀rẹ̀ ní 1964 ní yàrá tí wọ́n ń kó téèpù pamọ́ sí. Ó di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fín àwo. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi í jẹ agbohùnsílẹ̀ ní 1967. Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí àwo kò gbà kò ní fi í sórí téèpù mọ́.

Rudy Van Gelder ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Onímọ̀ nípa ojú ni, ẹni tí ń yẹ ojú wò fún awò. Ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack ni ó ti ń gba orin jáàsì sílẹ̀, títí ó fi kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí Englewood Cliffs ní 1959. Òun ni ó ń gba ohùn sílẹ̀, òun náà ni ó sì ń fín àwo. Ẹnìkan lè sọ pé èyí fi hàn pé iṣẹ́ kan ni méjèèjì. Rárá o. Bí àgbẹ̀ kan bá tún jẹ́ ọdẹ, oko kò di igbó.

Olórin ni George Peckham ti Liverpool kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ ìfín-àwo ní ilé-iṣẹ́ Apple ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibi dídán kan wà tí ó yí ìwé àárín àwo ká, níbi tí orin ti tán. Níbẹ̀ ni Peckham máa ń fọwọ́ kọ gbólóhùn ìnagijẹ rẹ̀ sí, tí àwọn tí ń kó àwo jọ fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní. Níbẹ̀ náà ni Van Gelder ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí.

Bob Ludwig, tí a bí ní 1944, kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Eastman School of Music ní Rochester, fèrè tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ó sì ń fọn. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Phil Ramone, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí A&R Recording ní New York. Ó ti ibẹ̀ lọ sí Sterling Sound, lẹ́yìn náà ó lọ sí Masterdisk, kí ó tó dá Gateway Mastering tirẹ̀ sílẹ̀ ní Portland ní ìpínlẹ̀ Maine. Ó fẹ̀yìn tì ní 1923 + 100, ìyẹn 2023. Ní 1969 ni ó fín àwo kejì ti ẹgbẹ́ olórin Led Zeppelin. Ó jẹ́ kí ohùn ìlù àti ti béèsì jáde bí àwọn olórin ṣe ṣe é. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ fò lórí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan tí wọ́n fi dán àwo náà wò. Ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e jáde sì ní kí wọ́n fín òmíràn tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Lónìí, owó ńlá ni àwọn olùkójọ ń fi ra ti àkọ́kọ́. Lẹ́tà méjì, RL, tí ó wà ní ibi dídán náà, ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Ìtàn yìí gbé ìbéèrè kalẹ̀ tí oníṣẹ́ yìí ń dáhùn lójoojúmọ́: ta ni a ń fín àwo fún? Ṣé olówó tí ẹ̀rọ rẹ̀ gba ohunkóhun, tàbí tálákà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti gbó? Ẹni tí ó ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹ̀rọ.

Orúkọ tí a dá lábàá

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe iṣẹ́ yìí ti ara ọ̀rọ̀ wọn fún ọ̀gá wá, nítorí pé àwo tí a ń fín ni ọ̀gá fún gbogbo àwo yòókù. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, ohun tí kò nítumọ̀ ni yóò bí. Yàtọ̀ sí èyí, láti ìgbà tí àwo CD ti jáde ní 1982, iṣẹ́ tí kò ní abẹ tàbí poro nínú ni Gẹ̀ẹ́sì tún ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pè. Ó sàn kí àwa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìtúnṣe ìkẹyìn tí a ń ṣe sí ohùn kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa, ìbáà lọ sórí àwo tàbí sínú kọ̀ǹpútà, àṣekágbá ohùn ni kí a máa pè é. Gígé e sára àwo ni ìfín-àwo.

Kí ló dé tí a yan fín? A wo gbẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbẹ́ nǹkan ń yọ inú rẹ̀ ni. A wo kọ, nítorí olóòlà, ṣùgbọ́n kọ ti ní iṣẹ́ púpọ̀ jù: a ń kọ ìwé, a ń kọ orin, ẹni tí ó bá sì gbọ́ akọ-àwo lè rò pé olórin ni. Fín ni a ń lò nígbà tí a bá fi irin mímú la ilà sójú nǹkan láìdá a lu, bí a ti ń fín igbá, bí a sì ti ń fín ara. Ohun tí abẹ ń ṣe gan-an nìyí.

Bí a bá tẹ̀ lé afíngbá, ohun tí etí ń retí ni afínwo. A kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tí ń fín ìwo ẹran náà lè jẹ́ afínwo. Afín-àwo ni kí a kọ, kí a sì pè é láìpa fáwẹ̀lì kankan jẹ. Ìdánwò ọ̀rọ̀ titun ni bí ó bá lè dúró nínú gbólóhùn: Afín-àwo gbé àwo ọlọ́dà lé ẹ̀rọ, ó sọ abẹ kalẹ̀, ó sì fẹ ebè nígbà tí ìlù dé. A gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹ̀rọ náà rí yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá nìyí:

Abẹ: òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ń gé ojú àwo.
Poro: ipa tí abẹ là, tí abẹ́rẹ́ ń tẹ̀ lé.
Ebè: ibi tí abẹ kò fọwọ́ kàn láàárín poro.
Àwo ọlọ́dà: àwo tí a kọ́kọ́ fín, tí ọ̀dà bo ojú rẹ̀.
Òǹtẹ̀: irin tí a fi ń tẹ àwo títà jáde.
Àṣekágbá ohùn: ìtúnṣe ìkẹyìn sí ohùn.
Ìfín-àwo, afín-àwo, ẹ̀rọ ìfín-àwo: iṣẹ́ náà, ẹni tí ń ṣe é, àti ohun èlò rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò tíì kú, ṣùgbọ́n okùn tí ó so ó rọ̀ tín-ín-rín. Ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé 2020, iná jó ilé-iṣẹ́ Apollo Masters ní Banning ní California, ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ méjì péré tí ń pèsè àwo ọlọ́dà fún gbogbo àgbáyé nígbà náà. Èkejì wà ní Jàpáánì. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn afín-àwo káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwo tí ó kù sínú àpótí wọn.

Bí olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí bá ní àwo àtijọ́ nílé, kí ó tan iná sí ibi dídán tí ó yí ìwé àárín rẹ̀ ká. Ó ṣeé ṣe kí ó rí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí a fọwọ́ ha síbẹ̀. Kí ó kọ wọ́n sílẹ̀, kí ó sì fi wọ́n han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bèèrè pé ta ni ó kọ ọ́, yóò ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá wọn lóhùn.